Níbo Ni Nicodemus Wà?

“Mò ń lọ sílé.”

Bí màmá kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ní Kansas City ṣe dá mi lóhùn nìyẹn, nígbà tí mo bá wọn lẹ́yìn ọkọ̀ wọn tí wọ́n ń to ẹrù sí búùtù. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Mo mọ̀ pé Denver ni wọ́n bí wọn sí, mo sì mọ̀ pé Kansas City ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ilé wo tún ni? Wọ́n ní Nicodemus, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Kansas tí àwọn adúláwọ̀ tó bọ́ lóko ẹrú tẹ̀dó. Wọn ò gbé ibẹ̀ rí láyé wọn. Ìyá wọn gan-an, kékeré ló ti kúrò níbẹ̀. Síbẹ̀ ilé ni wọ́n pè é, wọn ò sì dúró rò ó kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde lẹ́nu wọn.

Ọ̀rọ̀ yẹn dúró sí mi lọ́kàn. Èkó ni wọ́n bí èmi sí, Èkó ni mo ti kàwé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí n dárúkọ ìlú mi kò ní gbọ́ Èkó lẹ́nu mi. Ìlú bàbá mi ni n ó dá, bẹ́ẹ̀ bí a bá ka gbogbo òru tí mo ti sùn níbẹ̀, agbára káká ni yóò fi pé oṣù méjì. Mo ti gbà lọ́kàn mi tipẹ́ pé nǹkan tiwa nìkan nìyẹn. Mo rò pé àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn sọdá òkun lóko ẹrú, wọ́n ti já okùn yẹn mọ́ wọn lọ́wọ́ pátápátá. Mo ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè bá yín lọ?” Wọ́n ní kí n lọ mú aṣọ òtútù dání, pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn dé.

Títì I-70 la gbà, a kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. A kọjá Topeka, a kọjá Salina. Nígbà tí a dé Hays, a yà sí àríwá lọ sí Stockton, a tún wá gba títì 24 sí ìwọ̀ oòrùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tó wákàtí márùn-ún. Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà Ṣakí tàbí Ìgbẹ́tì lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ á rò pé òun mọ ọ̀dàn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dàn tiwa ní igi emi, ó ní igi oṣè, àpáta ńlá ń yọrí níhìn-ín lọ́hùn-ún, ojú a máa rí ibi bà lé. Ti Kansas kò ní. Koríko ni, pòròpórò àlìkámà tí wọ́n ti kórè ni, ojú ọ̀run wá dé gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí igbá. Níbi tí ẹ bá ti rí igi, odò ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ẹnì kan ló gbìn ín.

Nígbà tó yá, mo rí pátákó kan lẹ́bàá títì tó kọ orúkọ ìlú. Mo wo iwájú, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo ní, “Mà, níbo wá ni ìlú ọ̀hún wà?”

Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa bèèrè.

Willianna Hickman ló bèèrè ṣáájú mi. Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1878, òun àti ọkọ rẹ̀, Àlùfáà Daniel Hickman, kúrò ní Georgetown ní ìpínlẹ̀ Kentucky pẹ̀lú àwọn èèyàn tí wọ́n jọ ń bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin gbé wọn dé Ellis. Ibẹ̀ ni èéyi ti kọlu àwọn ọmọdé, tí àwọn kan nínú wọn sì kú. Àwọn tó ṣẹ́ kù háyà ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọ́n forí lé àríwá. Kò sí ọ̀nà kankan, kọ́ńpáàsì ni àwọn ọkùnrin fi ń mọ ibi tí wọ́n ń lọ, ọjọ́ méjì ni wọ́n sì fi rìn ín. Àfi lójijì tí ariwo sọ: Nicodemus rèé o! Ara obìnrin náà ò yá rárá, inú rẹ̀ sì dùn láti gbọ́ pé wọ́n ti dé. Ó fi gbogbo ojú tó ní wò, kò rí nǹkan kan. Ó ní níbo ni Nicodemus wà, òun ò rí i. Ọkọ rẹ̀ wá na ìka sí èéfín tó ń rú jáde látinú ilẹ̀ káàkiri, ó ní, Nicodemus nìyẹn. Inú ilẹ̀ ni àwọn èèyàn ń gbé. Obìnrin náà bú sẹ́kún.

Nígbà tó ti darúgbó ló fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn rẹ̀, kò sì fi ẹkún yẹn pa mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn. Bí a bá ń sọ ìtàn àwọn tó tẹ ìlú dó, akọni la máa ń fi wọ́n ṣe: ọdẹ tó lé ẹran dé etí omi, ọmọ ọba tó gbé adé kúrò nílé baba rẹ̀. A kì í sábà gbọ́ nípa obìnrin tó sọ̀kalẹ̀ látorí kẹ̀kẹ́, tó wo ibi tí wọ́n mú un dé, tó sì sunkún. Bẹ́ẹ̀ Willianna dúró. Ó tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ta ló ní kí wọ́n wá? Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní ọdún 1865, oko ẹrú sì dópin lórí ìwé. Fún bí ọdún méjìlá, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ wà ní ìhà gúúsù tí wọ́n ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀. Ní 1877, ìjọba kó wọn kúrò, àwọn olówó ẹrú àtijọ́ sì tún rí ọ̀nà dé ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó gba òmìnira tí kò ní ilẹ̀, oko olówó rẹ̀ náà ni yóò padà sí láti lọ fi iṣẹ́ san gbèsè. Ilẹ̀ wá ni gbogbo ọ̀rọ̀. Òfin kan sì ti wà láti 1862 pé ẹni tó bá lọ sí ìwọ̀ oòrùn, tó gba 160 éékà, tó gbé orí rẹ̀ fún ọdún márùn-ún tó sì ro ó, yóò di onílẹ̀.

Ní oṣù kẹrin 1877, òyìnbó kan tó ń jẹ́ W. R. Hill, tó wá láti Indiana, àti adúláwọ̀ kan tó ń jẹ́ W. H. Smith kó àwọn kan jọ, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀dó sílẹ̀ fún ilẹ̀ kan létí odò Solomon ti gúúsù. Wọ́n tẹ ìwé ìkéde, wọ́n pín in káàkiri Kentucky. Hill lọ bá àwọn ìjọ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá, ẹran ìgbẹ́ pọ̀, ẹṣin inú igbó wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá lè mú un. Nǹkan bí 30 èèyàn ló kọ́kọ́ dé ní oṣù keje. Ní oṣù kẹsàn-án, ó lé ní 300 tó wọ ọkọ̀ ojú irin láti agbègbè Lexington, tí wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn láti Ellis, ó lé ní máìlì 30. Ìtàn tí ọmọ ìlú ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n rí ohun tí Hill mú wọn wá bá, àwọn kan fẹ́ so ó rọ̀, ó sì sá pamọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé yí ẹ̀yìn padà lójú ẹsẹ̀. Hill City, tó jẹ́ olú-ìlú kántì náà títí dòní, orúkọ Hill kan náà ló ń jẹ́. Inú mi ò dùn sí ìyẹn, mo sì sọ ọ́ fún màmá nínú ọkọ̀. Wọ́n ní òun tó parọ́ ló gba orúkọ, àwọn tó gba irọ́ náà gbọ́ ló kọ́ ìlú.

Orúkọ Nicodemus fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan ní ti inú Bíbélì ni, ìjòyè tó lọ bá Jésù lóru. Ó bá a mu, nítorí Nikodémù yẹn ló bèèrè bí àgbàlagbà ṣe lè di ẹni tí a tún bí. Ṣùgbọ́n inú ìwé ìkéde 1877 náà, orin kan tó gbòde nígbà yẹn ni wọ́n fà yọ, orin nípa ẹrú kan tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Áfíríkà, Nicodemus lorúkọ rẹ̀. Èmi fara mọ́ èyí. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dọ̀ wa, tí kò sí ẹni tó mọ ilé tó ti jáde, òun ni wọ́n sọ ìlú lórúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé inú ilẹ̀ yẹn ṣe rí, torí òun ló ń yà mí lẹ́nu jù. Igi kò sí, nítorí náà pákó kò sí, owó pákó kò sì sí. Ètí bèbè odò tàbí ara òkè kékeré ni wọ́n gbẹ́ wọlé, bí ìgbà tí òkété bá ń gbẹ́ ihò. Wọ́n to ẹ̀ka igi lé orí rẹ̀, wọ́n fi koríko tòun ti iyẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n yọ ihò èéfín sí i. Ilẹ̀ ni ògiri, ilẹ̀ ni ibùsùn. Bí òjò bá rọ̀, ẹrọ̀fọ̀ a máa kán bọ́ sínú oúnjẹ. Ìgbẹ́ ẹfọ̀n tó ti gbẹ ni wọ́n ń kó dáná. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Emma Williams, tó gbé oyún wá láti Kentucky, bímọ sí ní oṣù kẹwàá 1877. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Henry, òun ni ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní ìlú náà. Ká ní ọ̀dọ̀ wa ni, orúkọ ọmọ yẹn ì bá sọ̀rọ̀ nípa ìrìn àjò àti ilẹ̀ tuntun.

Oṣù kẹsàn-án tí wọ́n dé ti pẹ́ jù fún iṣu àti àgbàdo, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n lè gbìn tí yóò tó jẹ kí yìnyín tó dé. Àwọn ọkùnrin rìn padà lọ sí ẹ̀bá ojú irin láti wá iṣẹ́, àwọn obìnrin àti ọmọdé ló ṣẹ́ kù sínú ihò. Àwọn ọmọ ìlú kò jẹ́ gbàgbé pé ní òtútù àkọ́kọ́ yẹn, àwọn Osage, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ń ti oko ọdẹ bọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì fún wọn lẹ́ran. Ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ló bọ́ ẹni tí wọ́n gba ara lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ sì rọ̀, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ni ọ̀pọ̀ wọn fi kọlu koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ so pọ̀ mọ́ra bí ẹní. Bàbá bàbá mi, tó fi ọkọ́ jẹun títí ó fi kú, ì bá mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ju èmi lọ.

Inú ihò náà ni ilé-ìwé ti bẹ̀rẹ̀. Jenny Fletcher ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọkọ rẹ̀, Zachary, ló kọ́ òtẹ́ẹ̀lì St. Francis nígbà tó yá. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Àlùfáà Simon Roundtree wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó, a sì gbọ́ pé àpá irin gbígbóná wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, nítorí pé ó kọ́ bí a ṣe ń kàwé nígbà tó wà lóko ẹrú. Lọ́dọ̀ wa, ilà ojú ní í sọ ọmọ ẹni tí a jẹ́. Ohun tí ilà tirẹ̀ ń sọ ni pé ó kàwé. Bẹ́ẹ̀ kí oko ó tó so dáadáa, kí ilé ó tó jáde kúrò nínú ilẹ̀, wọ́n ti kó àwọn ọmọ jọ, wọ́n ń kọ́ wọn ní ìwé.

Nígbà tí yóò fi di àárín àwọn ọdún 1880, ìlú ti di ìlú. Ilé olókùúta àti ilé onípákó ti dúró. Ṣọ́ọ̀ṣì wà, báǹkì wà, òtẹ́ẹ̀lì wà, ṣọ́ọ̀bù wà, àwọn tó fẹ́ràn ìwé ní ẹgbẹ́ tiwọn. Ìwé ìròyìn méjì ló ń jáde: Western Cyclone láti 1886, Nicodemus Enterprise láti 1887. Edward McCabe, tó dé ní 1878, ni wọ́n dìbò yàn ní 1882 láti máa ṣe àyẹ̀wò ìṣirò owó gbogbo ìpínlẹ̀ Kansas, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn èéfín inú ilẹ̀ nìyẹn o.

Ohun tó kù ni rélùwéè. Ní 1887, ìlú dìbò pé àwọn yóò yá 16,000 dọ́là láti fi fa ilé-iṣẹ́ rélùwéè Missouri Pacific mọ́ra. Àdéhùn náà kò wọ̀. Ní 1888, Union Pacific ló wá, ṣùgbọ́n òdìkejì odò ni wọ́n tẹ́ irin wọn gbà, máìlì díẹ̀ sí Nicodemus. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn pàgọ́ sí ni wọ́n ń pè ní Bogue. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù dì, wọ́n sọdá. Ìwé ìròyìn méjèèjì dákẹ́. McCabe pàápàá lọ sí Oklahoma, ó lọ dá ìlú mìíràn sílẹ̀, Langston. Lórí ọ̀dàn Kansas, ìlú tí rélùwéè bá ti fi sílẹ̀, àwọn èèyàn a máa kà á mọ́ òkú.

Àwọn tó dúró ni àwọn tó ní ilẹ̀. Báǹkì lè sọdá odò, 160 éékà kò lè sọdá. Wọ́n ń gbin àlìkámà, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń sin òkú wọn sí ilẹ̀ wọn. Wọ́n fi òkúta kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì First Baptist ní 1907, ogún ọdún lẹ́yìn tí rélùwéè já wọn kulẹ̀, wọ́n kọ́ ilé-ìwé tuntun ní 1918. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gbẹlẹ̀ àti ìjì eruku àwọn ọdún 1930 dé. Gbọ̀ngàn ìlú tí ètò ìpèsè iṣẹ́ ìjọba kọ́ parí ní 1939, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ti ń lọ sí Denver, sí Topeka, sí California. Ní 1953, wọ́n ti ilé ìfìwéránṣẹ́ pa. Ìkànìyàn 2020 ka èèyàn 14.

Mẹ́rìnlá. Mo sọ ọ́ ketekete nínú ọkọ̀, mo sì ń rò pé agbo ilé kan ní ìlú bàbá mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá ò dáhùn. Wọ́n kàn ní kí n yà sí ọ̀tún.

Ọkọ̀ ló kún ibẹ̀! Nọ́ńbà Colorado, Nọ́ńbà California, Nọ́ńbà Missouri, Nọ́ńbà Texas. Àgọ́ wà lórí koríko, àwọn ọmọ ń sáré kiri, èéfín ẹran sísun ń rú. Ìparí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù keje ni wọ́n ń ṣe é, Homecoming ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìpadàbọ̀ sílé. Ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlú náà. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ni wọ́n ń ṣe é látijọ́, ní ìrántí ọjọ́ tí òfin òmìnira bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún àwọn ẹrú ní erékùṣù Karíbíánì tó wà lábẹ́ ìjọba Bìrìtìkó ní 1834. Àwọn tó jẹ́ pé ọdún 1865 ni àwọn fúnra wọn gba òmìnira, wọ́n tún ń bá àwọn ìbátan tí wọn ò rí rí yọ̀.

Èmi wá láti ibi tí a ti mọ ọjọ́ ìlú dáadáa, a mọ ìtọ́wọ̀ọ́rìn, a mọ aṣọ ẹbí. Mo rí ìtọ́wọ̀ọ́rìn níbẹ̀, mo rí ẹbí tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ kan náà tí wọ́n kọ orúkọ baba ńlá wọn sí lẹ́yìn. Mo ní láti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n nu ojú mi.

Ọ̀sán ni màmá mú mi yí ká. Ilé márùn-ún ni ìjọba àpapọ̀ kà sí ohun ìtàn níbẹ̀: ṣọ́ọ̀ṣì méjì, òtẹ́ẹ̀lì, ilé-ìwé, gbọ̀ngàn. Ní 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ fi orúkọ ìlú náà sínú ìwé àwọn ibi pàtàkì, ní 1996 ó di ibi tí àjọ tó ń tọ́jú ọgbà orílẹ̀-èdè ń bójú tó. Kì í ṣe pé ìjọba ṣàdédé rántí. Àwọn ọmọ ìlú ló jà fún un, Angela Bates, tó dá ẹgbẹ́ ìtàn Nicodemus sílẹ̀, ló sì ṣáájú. Wọ́n fi àwòrán Veryl Switzer hàn mí, ọmọ ibẹ̀ tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Green Bay Packers mú ní ipò kẹrin nígbà tí wọ́n ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù ní 1954. Màmá ń dárúkọ rẹ̀ bí ẹni pé àbúrò wọn ni. Bóyá àbúrò wọn ni lóòótọ́; níbẹ̀, ẹbí ni gbogbo wọn bí ẹ bá tọpa rẹ̀ jìnnà tó.

Lẹ́yìn ilé, ní ẹ̀gbẹ́ oko kan, wọ́n dúró. Wọ́n ní ìyá àwọn sọ fún àwọn pé ibì kan nítòsí ibẹ̀ ni ihò tí ìyá ìyá ìyá wọn kọ́kọ́ gbé wà. Mo wò ó. Koríko ni, ilẹ̀ rẹ̀ sì rẹlẹ̀ díẹ̀ bí ibi tí ẹnì kan ti jókòó pẹ́ kó tó dìde. A ò sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, mo fa aṣọ òtútù tí wọ́n ní kí n mú wá mọ́ra.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, a padà sí ìdí oúnjẹ. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, fìlà pòròpórò lórí, tí gbogbo ẹni tó ń wọlé ń tẹ̀ ba láti kí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Kò bi mí ní orúkọ mi, kò bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kò sì bèèrè bí mo ṣe dé Amẹ́ríkà bí wọ́n ṣe máa ń bèèrè níbi gbogbo. Ó ní, “Ọmọ ta ni ìwọ?”

Mo kúnlẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí mo máa gbà ṣàlàyé pé mi ò bá wọn tan, pé ọ̀nà jíjìn ni mo ti wá. Màmá gbé ọwọ́ lé mi léjìká látẹ̀yìn.

Wọ́n ní, “Tèmi ni.”

Bàbá náà mi orí. Ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún mi, kí n sì wá àga.